Ààwẹ̀ Ọjọ́bọ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí n tó fi dídùn ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀: lọ́dún tí àwọn ará ìjọ wa ní Garki bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mo ti dàgbà nínú ẹ̀mí, irọ́ ló wà nínú mi. Mi ò dàgbà rárá. Ara mi ló kú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kú kì í bínú, kì í rẹ́rìn-ín, kì í bá ènìyàn fa ọ̀rọ̀. Ó kàn ń wò ni. Àwọn ènìyàn á wá rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló pa á lẹ́nu mọ́. Mo rí i pé wọ́n ń rò bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò ó.

Púlọ́ńbà ni mí. Nígbà tí mò ń wí yìí, ojoojúmọ́ ni rédíò ń sọ pé ìjọba ń kó bọ̀ láti Èkó, kò sì tíì kó dé. Ilé tuntun wà káàkiri, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. A ó ri páìpù mọ́ ògiri, a ó de síńkì mọ́lẹ̀, a ó wá ṣí ẹnu ẹ̀rọ wò, afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò fọn jáde. Àwa tí à ń ṣe omi fún olú ìlú, ọwọ́ àwọn obìnrin Gwárí tí ń fi èjìká ru omi la ti ń ra èyí tí a fi ń wẹ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló mú mi wá sí Àbújá. Ará Ìkìrun ni, ó sì ní ẹnu. Bí mo bá de páìpù tó wọ́, á ní, "Ìwọ yìí, ọwọ́ ẹ yá ju ọpọlọ ẹ lọ." Bí mo bá dè é tó gún, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn kọjá lọ. Nígbà tí mo gba òmìnira, ó gbàdúrà fún mi lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé irinṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa lọ. Mo ní níbo? Ó ní, "Bó o bá fẹ́ ya aláìmoore, máa lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yàrá kan ṣófo nínú ilé tí mò ń gbé." Bí mo ṣe di ará ilé rẹ̀ nìyẹn. Yàrá méjì ni tirẹ̀, tèmi jẹ́ ẹyọ kan, àgbàlá kan náà, ní abúlé Garki.

Ìyàwó rẹ̀ ni mò ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, obìnrin ni àkọ́kọ́, ó tó ọmọ ọdún méje. Ọkùnrin ni èkejì, kò tíì ju mẹ́ta lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ oúnjẹ obìnrin yẹn, kò sì sí ọjọ́ kan tó gbé abọ́ fún mi bí ẹni tó ń ṣàánú mi.

Ọ̀gá ló mú mi wọ ìjọ pẹ̀lú. Kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan là ń lò lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwa Yorùbá bí i ogójì, káfíńtà, akọ̀wé, awakọ̀ àtàwọn ìyàwó wọn, a ó ká orúnkún kan àyà lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, a ó máa kọrin. Akọ̀wé ìjọba ni olùdarí wa. Ènìyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ó fẹ́ràn ètò kọjá ààlà. Ohun gbogbo ló ní ìwé. Ìwé ẹni tó máa gbálẹ̀ wà, ìwé ẹni tó máa kí àlejò wà, rúlà ló sì fi ń fa ìlà gbogbo wọn. Mo rò pé ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Ọlọ́run náà ní rúlà.

Nígbà tí ẹyin ojú ọ̀gá di àwọ̀ ọsàn, a kọ́kọ́ rò pé ibà lásán ni. Ó mu àgbo, ó lo oògùn. Ikùn rẹ̀ wá ń wú, apá rẹ̀ ń gbẹ. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà sì pe èmi àti ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, ó ti pẹ́ tó ti ń bàjẹ́, kò sóhun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́, ká máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ ṣé, sà," bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún.

Olùdarí ní ká gbààwẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ìjọ máa ń gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Àtagbà ni. Ènìyàn méje, ọjọ́ méje: olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ààwẹ̀ má baà já níbì kankan títí Ọlọ́run yóò fi gbé ọ̀gá dìde. Bí aago mẹ́fà bá lù, ẹni tó gbààwẹ̀ á wá sí yàrá aláìsàn, á dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Mo ti pa á mọ́." Ẹni tó ni ọjọ́ kejì á dáhùn pé, "Mo gbà á." Ìgbà náà ni ìyàwó ọ̀gá á bu omi sí ife, á gbé e fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Olùdarí fa ìlà, ó kọ orúkọ wa, ó lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Tèmi bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ mú ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo wa pa á mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀gá dìde jókòó, ó ní ta ló jẹ́ kí sípánà òun dípẹtà, ó bú mi dáadáa. Inú wa dùn, a kọ Halelúyà. Olùdarí fi báírò pupa sàmì sí ọjọ́ méjèèje.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, à ń gbẹ́ ilẹ̀ tí páìpù máa gbà kọjá lẹ́yìn Maitama, lápá ibi tí ọ̀nà Mpape gbà lọ. Àpáta ni gbogbo ibẹ̀. Àwọn tó ń fọ́ òkúta ń fọ́ ọ lókè, àwa ń fi dígà jà nísàlẹ̀, eruku funfun sì bò wá títí dé ìpéǹpéjú. Nǹkan bí i aago méjìlá, obìnrin Haúsá kan gbé wáìnà dé, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n máa ń dín. Ó kí wa pé, "Sànnu, sànnu," ó sọ igbá kalẹ̀, ooru wáìnà náà sì ń gòkè.

Ẹ má jẹ́ kí n sọ pé mo gbàgbé pé mò ń gbààwẹ̀. Mi ò gbàgbé. Kò sí Èṣù kankan tó wá sọ̀rọ̀ sí mi létí. Ebi ń pa mí, wáìnà sì ń gbóná. Mo jẹ mẹ́fà, mo wọ́n súgà sí i, mo mu omi lé e, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo retí kí àyà mi já. Kò já. Mo tún retí kó já nígbà tí a ń bọ̀ nílé, inú ọkọ̀ ni oorun ti gbé mi lọ.

Kó tó di aago mẹ́fà, mo fi pákò run ẹnu mi dáadáa. Mo wọlé, mo dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Mo ti pa á mọ́." Ẹ̀gbọ́n ní, "Mo gbà á," ó bu omi fún mi, mo sì mu ún tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ látàárọ̀. Ọ̀gá la ojú. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi." Látìgbà tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, kò pè mí ní ọmọ rí.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sán, wọ́n wá pè mí níbi iṣẹ́ pé ọ̀gá ti kú. Mo fọ ọwọ́ mi, mo wọ bùbá mi, mo lọ. Ilé ti kún, wọ́n ń ké. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ lábẹ́ aṣọ, mo ní nínú ara mi pé, àṣé ẹsẹ̀ ọ̀gá tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Ohun tí mo rò ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbìyànjú láti sunkún, nítorí àwọn ènìyàn ń wò mí, omi ojú ò wá.

Ìyàwó olùdarí ló dá ọ̀rọ̀ ògì sílẹ̀. Ó yà kí aláìsàn láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn nígbà tó ń lọ sọ́jà, ó sì bá ẹ̀gbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń fún ọkọ rẹ̀ ní ògì. Gbogbo ẹni tó ti tọ́jú aláìsàn rí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wàá bù ú sí ṣíbí, wàá fẹ́ ẹ, wàá tọ́ ọ wò kó má baà jó o lẹ́nu, kó o tó fi sí i lẹ́nu. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ṣe nìyẹn, lọ́jọ́ ààwẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó olùdarí rí ṣíbí lẹ́nu rẹ̀, ó sì lọ sọ ohun tó rí fún ọkọ. Mi ò rò pé ó fi ibi sí i.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, olùdarí wá. Ó ṣí ìwé kúrò lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó tẹ́ ẹ sórí itan.

"Arábìnrin, kì í ṣe pé a wá dá yín lẹ́bi o. A kàn fẹ́ mọ ibi tí ààwẹ̀ ti já ni. Ògì yẹn, ṣé ẹ tu ú dànù ni, àbí ẹ gbé e mì?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Òkú ọkùnrin ò tíì wọlẹ̀, wọ́n ń béèrè ibi tí ṣíbí ògì kan gbà lọ. Ohun tó yẹ kí n la ẹnu sọ nìyẹn, èmi tí mo rò pé mo gbọ́n. Mo wà níbẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta sí olùdarí lọ.

Ẹ̀gbọ́n ronú. Ó ronú dáadáa, bí ọmọ tí tíṣà bi ní ìbéèrè tí kò fẹ́ ṣì dáhùn. Ó ní, "Mo gbé e mì."

Olùdarí mi orí. Ó yọ báírò, ó fa ìlà gba orí ọjọ́ Ẹtì kọjá. Àmì pupa ló wà lórí Ọjọ́bọ̀ tèmi.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n kedere. Àmọ́ ṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀: o ń wo apá yẹn, tìrẹ ni, o fọwọ́ kàn án, kò mọ̀ pé wọ́n kan òun. Mo bá wọn ṣètò àga, mo sì lọ sùn.

A gbé òkú lọ sí Ìkìrun, a sin ín. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ilé ti bi ẹ̀gbọ́n léèrè irú ikú tó pa ọkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì dá wọn lóhùn pé, "Èmi ni mo ba ààwẹ̀ jẹ́." Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀ ni Yorùbá wí, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni obìnrin yìí kúnlẹ̀ lé lórí. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá, ọkùnrin gìrìwò kan tó ń ta pákó, gbọ́ ọ. Ó dúró láàárín ilé, ó ní, "Obìnrin tí kò lè pa ẹnu ẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ kan péré kí ọkọ ẹ̀ lè yè, kò lè tọ́ ọmọ wa. Tí ogójì ọjọ́ bá pé, màá wá kó àwọn ọmọ." Mo retí kí ẹ̀gbọ́n ta kò ó. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, sà."

Bí a ṣe padà dé Garki, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù àwọn ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dì í. Á fọ aṣọ kan, á lọ̀ ọ́, á ká a sínú àpò Ghana-must-go tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá lọ kí wọn, màá ka Bíbélì, a ó gbàdúrà, màá jẹun níbẹ̀, màá padà sí yàrá mi. Àpò yẹn ń wú sí i lójú mi. Èmi tí ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu mi lè tú u, ẹ̀bà ni mò ń gbé mì.

Àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí tìyanutìyanu. Tẹ́lẹ̀ rí, oníbìínú ni mí. Mo ti bá akọrin jà rí nítorí àga. Ní báyìí, wọ́n bú mi, n ò fèsì. Wọ́n yìn mí, n ò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan olùdarí pè mí jáde. Ó ní, "Ẹ wo arákùnrin yìí. Láti ìgbà tí Olúwa ti pe ọ̀gá rẹ̀, ta ló rí i kó bara jẹ́? Ta ló gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè? Ohun tí à ń pè ní ìdàgbàsókè nínú ẹ̀mí nìyí." Wọ́n ké Halelúyà. Wọ́n fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ àdúrà. Mo dúró níwájú pátákó tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń kọ ìṣirò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ, ohùn mi ò gbọ̀n rárá. Ẹnì kan ní òun ti rí ògo lójú mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ojú mi ò ní nǹkan kan nínú, bóyá ohun tó jọ ògo lójú ẹ̀ nìyẹn.

Ó ku ọjọ́ méjì kí a ṣe ìsìn ogójì ọjọ́, tí ìjọ sún sí Àbámẹ́ta, mo wọ ibi ìdáná lọ bu omi, mo bá ọmọbìnrin ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é látinú yàrá pé kó tọ́ ọbẹ̀ wò bóyá iyọ̀ dùn. Ọmọ náà di ṣíbí mú, kò gbé e sẹ́nu. Ó ń wo ṣíbí.

Mo ní, "Kí ló dé? Tọ́ ọ wò."

Yorùbá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dán, nítorí Àbújá ni wọ́n ti tọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé ló yá a lẹ́nu. Ó fi Yorùbá sọ èyí. Ó ní, "Bọ̀dá, tí mo bá tọ́ ọ wò, ta ló máa kú?"

Mo gba ṣíbí, mo tọ́ ọbẹ̀ wò fún un. Mo ní iyọ̀ dùn. Mi ò ní sọ pé ọkàn mi gbọgbẹ́ níbẹ̀, kò gbọgbẹ́. Mo kàn mọ̀ ni, bí púlọ́ńbà ṣe ń mọ̀ pé ibi tí omi ń gbà yìí, bí mi ò bá dí i, ilé á wó. Títí di ìgbà yẹn, ohun tí mo rò ni pé ọjọ́ tí mo bá kábàámọ̀ ni màá jẹ́wọ́. Mo ń dúró de ẹkún. Ibi ìkòkò yẹn ni mo ti rí i pé ẹkún lè má wá láéláé, àpò àwọn ọmọ á sì ti wà nínú ọkọ̀.

Mo lọ bá olùdarí nílé lọ́jọ́ kejì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, wáìnà, pákò, ohun gbogbo. Ó ní, "Kí ló dé tó o fi ń sọ fún mi báyìí?" Kò bínú, ẹ̀rù ló bà á. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀, àbúrò. Arábìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ti gbà. Bó o bá tú u síta, o máa da ìgbàgbọ́ àwọn ẹni tuntun rú. Olórí ẹgbẹ́ àdúrà ni ẹ́! Lọ jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run nínú yàrá ẹ, ó tó." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà fún mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ara tù mí. Mo rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀, àfi bí mo ṣe dé àgbàlá tí mo rí bàtà kékeré méjì tí wọ́n ti kùn, tí wọ́n gbé sójú oòrùn kó gbẹ.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta la ṣe ìsìn ogójì ọjọ́, nínú kíláàsì wa yẹn. A kọrin, a ka Bíbélì, olùdarí wàásù díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ti dé láti Ìkìrun. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ, ó ní àwọn mọ rírì wa. Ó wá ní, "Mo ń kó àwọn ọmọ àbúrò mi lọ lónìí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́rìí sí i pé mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni. Ìyá wọn gbà pé òun jẹ̀bi." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n. "Àbí o ò gbà?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Mo gbà, sà." Ọmọkùnrin rẹ̀ jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó ń fi okùn bàtà rẹ̀ ṣeré. Àpò Ghana-must-go wà lẹ́nu ọ̀nà. Olùdarí wò mí, ó tètè mójú kúrò.

Mo dìde. Orúnkún mi gbá tábìlì àwọn ọmọdé, ó ró gbàgà. Mo ní, "Mo jẹun."

Obìnrin kan tó ń tọ́jú oúnjẹ lẹ́yìn ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ará, ìrẹsì ò tíì jinná."

"Rárá o. Mo ní mo jẹun lọ́jọ́ ààwẹ̀ mi. Ọjọ́bọ̀ tí ilẹ̀ mọ́ tí ọ̀gá kú. Mo jẹ wáìnà lọ́nà Mpape, mo padà wálé, mo run pákò, mo dúró níwájú rẹ̀, mo ní mo ti pa á mọ́. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ààwẹ̀ ti já, ọwọ́ mi ni. Ohun tí mo gbé fún ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ yẹn ti já kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣíbí ògì ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá kọjá láàárín bẹ́ǹṣì, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé yóò gbá mi létí, mo sì sọ ọwọ́ mi sílẹ̀ kó lè rí àyè. Ó dúró síwájú mi.

"Wáìnà mélòó?"

"Mẹ́fà, sà."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Súgà, sà."

Ó yípadà sí gbogbo ìjọ. Ó ní, "Wáìnà mẹ́fà. Wáìnà mẹ́fà, àti ṣíbí ògì kan. Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, ohun tó pa àbúrò mi nìyẹn? Ọlọ́run yín wo ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́, ó tún wo wáìnà, ó ní òun ò ṣe mọ́?" Ó ń retí èsì. Olùdarí ṣí Bíbélì rẹ̀, ó pa á dé. Ọkùnrin gìrìwò náà wò yíká, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò lè gbà á, ó bọ́ fìlà, ó fi bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ohùn rẹ̀ jáde látinú fìlà pé, "Mo kàn ń wá ẹni tí màá bínú sí ni. Ẹ tú ẹrù àwọn ọmọ. Ẹ bá mi tú u."

Ọmọbìnrin náà ló sáré lọ síbi àpò. Ìyá rẹ̀ ò bá a lọ. Ó sọ ọmọkùnrin kalẹ̀, ó rìn wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni. Mo tiẹ̀ ti ń wá ohun tí màá fi dáhùn, kí n ní kò tópẹ́, kí n ní Ọlọ́run ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìranù tó wà lórí mi nìyẹn.

Ó ní, "Ogójì ọjọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó o bá wá gbàdúrà fún wa, ṣé mo máa ń kúnlẹ̀?"

"Ẹ máa ń kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni mo máa ń sọ fún Ọlọ́run?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa ń ní kó dárí jì yín, pé ẹ̀yin lẹ pa ọkọ yín."

"O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Tí mo bá sọ ọ́ tán, ìwọ náà máa ń sọ nǹkan. Kí lo máa ń sọ?"

Mo yíjú sí àpò tí ọmọbìnrin ń tú. Ó dúró. Kò pariwo. Ó tún un sọ pé, "Mo ní kí lo máa ń sọ?"

"Àmín ni."

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi ni ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an, ó dùn mí wọra. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín bẹ́ǹṣì méjì, mo ké, mo ń pe ọ̀gá mi tí mi ò tíì sunkún fún láti ọjọ́ tó ti kú. Ẹ̀gbọ́n ò nawọ́ sí mi, kò sì lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí títí mo fi sunkún tán.